Ìwé tí Màmá Àgbà Ní Kí A Sun

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Mill,
Haverdale,
Lancashire,
England.
Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá, 1988.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Rosalind,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi mú kálàmù. Ohun ńlá ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù, kí ẹ sì di ọwọ́ àga mú dáadáa. Ìdérí ìkòkò tíì aláwọ̀ búlúù ti fọ́. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló fọ́, ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán, ọwọ́ Bàbá Norman ló ti bọ́. A gbìyànjú láti fi gọ́ọ̀mù tò ó pọ̀, ṣùgbọ́n àfọ́kù kan ṣì wà tí a kò rí, a sì ń fura sí ológbò. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi àwo pẹrẹsẹ kan bo ìkòkò tíì. Kò sí ẹni tó tíì mu tíì tó gbóná délẹ̀ nínú ilé yìí mọ́.

Ní báyìí tí ẹ ti gbọ́ èyí tó burú, ẹ jẹ́ kí n kí yín bó ti yẹ. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ṣé ẹ̀yìn tó máa ń dun Ẹ̀gbọ́n Graham nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ irun àgùntàn ti fi wọ́n sílẹ̀? Tamsin ńkọ́? Ó yẹ kó ti máa kàwé fúnra rẹ̀ báyìí. Ẹ kú ìgbà ìrúwé New Zealand o. Ní tiwa níbí, òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án kò tíì mọ̀ pé ó ti tó. Ara mi le. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ń lọ déédéé, ọ̀gá mi sì ti ra ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tuntun kan tó lè da ogójì ojú ìwé kọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà sọ́kàn, n óò padà sórí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé Àǹtí Glenys ti sọ fún yín lórí fóònù pé Màmá Àgbà ti fi wá sílẹ̀. Mo kàn fẹ́ sọ bó ṣe lọ fún yín ni, torí ẹni tí kò sí nílé nígbà tí wọ́n ń sin òkú, ìtàn ni ìpín tirẹ̀ nínú ogún.

Ó ti lé lọ́dún méjì tí Màmá kò ti ríran mọ́. Láti oṣù kẹsàn-án ni wọn kò ti lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ jókòó tì wọ́n láti ka ìwé ìròyìn sí wọn létí, pàápàá ojú ewé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó kú sí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ àwọn tí àwọn máa bá níwájú, kí àwọn lè mọ ẹni tí àwọn máa yẹra fún. Ní Sátidé kan, ibi tí mo ti ń ka ìtàn olóògbé kan tó fẹ́ràn ẹyẹlé ni wọ́n ti dá mi dúró.

"Clement, Glenys ti da ìwé yẹn kọ dé ibo?"

Mo ní ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́ta.

"Nínú ogóje."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọdún mẹ́rin rèé! Á jókòó, á máa fi yíǹkì pupa ya òdòdó sára lẹ́tà àkọ́kọ́. Tó bá ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kọ, á fa odindi ewé náà ya, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ogójì péré làwọn ọkùnrin ń kọ."

Mo ní mo ti kọ mẹ́sàn-án.

"Ẹni tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní pólì," ni Màmá wí, wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin mọ òfin wa jù mí lọ. Ọwọ́ la fi ń da Ìwé Òjìji, ìwé òfin àti ètùtù agbo wa, kọ, láti inú ìwé ẹni tó mú wa wọ agbo. Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kàn án. Bí ẹni tó ni ín bá kú, wọ́n gbọ́dọ̀ sun ún kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Obìnrin tí kò bá sì ní odindi kò lè jẹ Ìyálóòṣà agbo, kò lè mú ẹlòmíràn wọ̀ ọ́. Ìwé Bàbá Harold, ọkọ Màmá tó dá agbo sílẹ̀, ti jóná tẹ̀lé wọn ní 1971. Agbo tó ti ara wa yọ ní Bolton ti kú tán, tòun ti ìwé. Ìyálóòṣà ti Whitby padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dáná sun tirẹ̀, ó sì ń fi káàdì Kérésìmesì ránṣẹ́ sí wa lọ́dọọdún láti sọ fún wa pé òun ń gbàdúrà fún wa. Nítorí náà, ìwé méjì péré ni a lè sọ̀rọ̀ nípa wọn: ti Màmá àti tiyín, èyí tí ẹ dà kọ tán láàárín oṣù méje nígbà tí ẹ jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún.

Ibẹ̀ gan-an ni Màmá ń lọ. Wọ́n ní, "Ìwé Rosalind ńkọ́?"

"Wọ́n ti sun ún, Màmá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n sun ún."

"Inú ló ń bí mi nígbà yẹn. Ìwọ ronú sí i ná. Rosalind! Ọmọ tí kò lè ju tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì nù láti kékeré, tó ń kó wọn sínú páálí bàtà, òun ló máa wá sun ìwé? Kò sun nǹkan kan."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àfi bí Màmá fúnra wọn ṣe gbé ìjà yẹn kalẹ̀, ìjà tí ẹnì kankan kò dárúkọ nínú ilé yìí fún ọdún mẹ́jọ. Ẹ óò rántí pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìdáná ni mo wà lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe dìde láàárín agbo pẹ̀lú ìwé òfin àwọn kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́, tí ẹ fi hàn wọ́n pé Bàbá Harold tó jẹ́ kọ̀ńdọ́, tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn jogún ẹ̀sìn náà lọ́wọ́ ìyá ìyá àwọn, tí ìyẹn náà jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ìyá tirẹ̀, ìdí tábìlì ìdáná wa níbí ni wọ́n jókòó sí kọ gbogbo rẹ̀ ní 1954, lọ́dún kẹta tí ìjọba pa òfin tó de àwọn àjẹ́ bíi tiwa rẹ́. Ẹ ka òfin mímọ́ wa tó ní kí ẹnikẹ́ni má bá ẹni tó ń darí sọ̀rọ̀ nígbà tí agbo bá ń yí, ẹ sì ka òfin kọkànlá ti ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, èyí tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa awakọ̀, tẹ̀lé e. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fi orí gbá ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n mú èmi náà wọ agbo lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mo tún rẹ́rìn-ín níbi òfin kan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi mí sí ìpele àkọ́kọ́ títí dòní.

Màmá ní, "Ṣé ó rò pé n kò mọ̀ ni? Ta ló ń bu tíì fún Harold nígbà tó ń kọ ọ́? Èmi ni mo ní kó yọ èyí tó sọ nípa ẹrù àti ajá kúrò."

Mo ní kí ló wá dé tí inú wọn fi bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Ọjọ́ tó yàn ni, Clement. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé tí Norman sin Ada. Ilẹ̀ Oòrùn nìkan ni ọkùnrin yẹn rí dì mú. Ó gbà pé ibẹ̀ ni ìyàwó òun wà, tó ń sinmi, tó máa tún padà wáyé láàárín wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ wá dìde níwájú rẹ̀, ó ní kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì ló kọ ọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ṣé gbogbo ẹni tó bá rí òótọ́ ló gbọ́dọ̀ fi gbá ẹni tó wà nílẹ̀ lójú?"

Mo bá padà sórí ọkùnrin ẹlẹ́yẹlé. Kí n tó parí rẹ̀, Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Tí mo bá lọ, ẹ sun tèmi. Rosalind ní tirẹ̀."

"Tí kò bá sí ńkọ́, Màmá?"

"Tí kò bá sí, a jẹ́ pé n kò mọ ọmọ mi. Ẹni tí kò mọ ọmọ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ ṣe?"

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, ni wọ́n lọ, bí ẹni tó fẹ́ mí sí i tó wá gbàgbé. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọdún àwọn òkú pé. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Màmá fi gba àlejò lọ́dún náà, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n wá gẹ́gẹ́ bí àlejò. A tẹ́ àwo wọn síbi tó yẹ, a gé kéèkì parkin fún wọn, a bu tíì. Bàbá Norman fi ṣíbí ṣúgà méjì sí i, wọ́n dúró, wọ́n ronú, wọ́n sì fi ẹ̀kẹta sí i. Wọ́n ní dókítà kò láṣẹ mọ́ níbi tí Màmá Edith wà.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì la ti sin wọ́n. Pásítọ̀ ròyìn bí wọ́n ṣe ń to òdòdó sórí pẹpẹ láìpa ọjọ́ kan jẹ, ó sì rọra fo ohun tó kù, bí gbogbo Haverdale ti ń fò ó láti 1954. Láti ìgbà náà ni Bàbá Norman ti ń yọjú sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ ní òpópónà. Obìnrin Haworth tó ń ta ẹran bímọ lọ́jọ́ Túsìdé, wọ́n sì lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ọmọ náà fajú ro bí ẹni tí wọ́n gbé tíì tútù fún. Mo ní gbogbo ọmọ tuntun ló ń fajú ro. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe sí àwọn nìkan.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù yìí, la pinnu láti sun ìwé náà. Ẹ̀yìnkùlé la kọ́kọ́ gbé korobá onírin sí, òjò pa iná náà lẹ́ẹ̀mẹta. A bá wọlé, a ṣí ẹnu sítóòfù eléèédú ìdáná, a sì gbé ìwé náà sórí tábìlì tí wọ́n ti kọ ọ́. Bàbá Norman ń bu tíì. Wọn kò jókòó.

"Clement," ni wọ́n wí, "kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yín wà lápò rẹ, àbí kò sí?"

Mo ní ó wà.

"Ogóje ojú ìwé. Ìṣẹ́jú mélòó ni?"

"Mẹ́ta ààbọ̀, sà."

Àǹtí Glenys ní, "Ẹ̀gbọ́n Norman, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Má ṣe kí ni? Ṣé o rò pé Ìyá Òṣùpá tí à ń bọ kò mọ fọ́tòkọ́pì ni? Ìwọ tí o ń kọ ìlà mẹ́wàá lọ́sẹ̀ bí ìgbín tó ń kọ ìwé ìhágún! Àwọn tó yẹ kó tijú ni kì í tijú."

"Mo ń tijú," ni Àǹtí Glenys wí. Ẹ mọ̀ wọ́n, gbogbo ilé ìdáná ilé ìwé tí wọ́n ti ń dáná ló ń gbọ̀n tí wọ́n bá pariwo. Ọjọ́ náà, mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́ wọn. "Èmi ni mo fi oyè náà ṣòfò, mo mọ̀. Mo fẹ́ kó rẹwà ni. Àmọ́ tí a bá ti ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, kì í ṣe Edith ló fi lé mi lọ́wọ́ mọ́, ọ̀gá Clement ni."

Àwọn méjèèjì wá kọjú sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi, kọ́kọ́rọ́ náà wà láàárín ìka mi. Mo lè ṣe ẹ̀dà ogójì kí wọ́n tó jẹun alẹ́. Mo sọ ohun tí Màmá wí nípa yín fún wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí i.

Ìgbà yẹn ni ìdérí náà bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Norman. Ẹnikẹ́ni kò ṣa àfọ́kù rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Èmi apínlẹ́tà ni mo mú lẹ́tà Rosalind wá sílé yìí. Èmi náà ni mo ń mú ìwé ìhalẹ̀ tí ilé ìkàwé ń kọ sí Harold wá ní 1954, pé kó dá àwọn ìwé wọn padà, gbogbo àkọlé ìwé tó ń wò kọ tirẹ̀ ló wà lójú rẹ̀. Mo ti mọ̀ kí Ada tó kú. Ada náà mọ̀. A jọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ibùsùn ni. Kí ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé kò pa mí lára tó bí Edith ṣe rò."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún Màmá láti ọdún mẹ́jọ.

"Ó ń bínú nítorí tèmi," ni wọ́n wí. "Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́."

Wọ́n ní kí a ka ìwé náà sókè, ó kéré tán, kó gba ẹnu jáde kó tó gba iná lọ. Àǹtí Glenys kò lè kà á, ẹkún kò jẹ́. Èmi ni mo kà á, láti ojú ìwé kejìlélọ́gọ́ta tí ọwọ́ wọn kò dé. Bí mo bá ka ewé kan tán, Bàbá Norman á gbà á, wọ́n á fi í síná. Mo ka bí a ti ń kí Òrìṣà Oníwo ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù. Mo ka pé ohun tí a bá ṣe sí ẹlòmíràn yóò padà bá wa lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ro ti ojú ìwé mẹ́sàn-án mi. Mo ka òfin nípa ẹni tó ń darí, tó tún jáde lẹ́ẹ̀kejì ní ojú ìwé ọgọ́rùn-ún, pé kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí agbo bá ń yí. Mo dúró de ẹ̀rín. Kò wá. Ojú ìwé tó kẹ́yìn, bí a ṣe ń ṣe kéèkì parkin ni: ọkà ootì, atalẹ̀, ṣúgà dúdú yíyọ́, kí a sì fi pamọ́ fún ọjọ́ márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìyẹn nìkan ni mo há sórí. Gbogbo ẹ̀sìn baba ńlá mi tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ ni ojú ìwé mẹ́sàn-án àti kéèkì kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ló yẹ kí wọ́n so ọ̀já itan Màmá, àmì oyè Ìyálóòṣà, mọ́ Àǹtí Glenys nítan. Wọ́n ní àwọn kò ní í so ó, àwọn kò ní odindi ìwé. Síbẹ̀ wọ́n ṣí agolo bisikíìtì tí ọ̀já náà wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè wò ó. Ẹ mọ̀ pé irin ìdè méjì bíi ti bẹ́líìtì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan fún Bolton, ọ̀kan fún Whitby, torí Ìyálóòṣà máa ń rán ọ̀kan mọ́ ọn fún agbo kọ̀ọ̀kan tó bá ti ara tirẹ̀ yọ. Ẹ sì mọ̀ pé Màmá ra ẹ̀kẹta sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń lọ sí New Zealand, kí ìjà tó dé, àti pé wọ́n búra pé àwọn kò ní í rán an.

Mẹ́ta ni a bá lára rẹ̀. Òwú pupa ni wọ́n fi rán an, òwú tí Àǹtí Glenys fi ń di ìwé wọn. Ìránṣọ náà wọ́ lọ sọ́tùn-ún, ó padà sósì, abẹ́rẹ́ sì ti gun ibi tí kò yẹ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, torí ẹ̀jẹ̀ kékeré gbẹ síbẹ̀. Ẹni tí kò ríran ló rán an. Àǹtí Glenys rọra pa agolo náà dé. Bàbá Norman ní kí a jọ̀ọ́ gbé omi kaná.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ẹ kọ̀wé sílé pé ẹ ti sun ìwé náà. Ẹ̀yin kì í purọ́, gbogbo wa la ti jẹ ìyà rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mò ń gbàdúrà pé kí ẹ jẹ́ òpùrọ́. Tó bá wà nínú páálí bàtà kan, ẹ gbé e wá. Àǹtí Glenys ti ra yíǹkì dúdú nìkan, wọ́n ní àwọn kò ní í ya òdòdó kankan mọ́. Bàbá Norman ní ilé àwọn lẹ máa sùn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ẹ sun ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fèsì lẹ́tà yìí. Ẹ jẹ́ kí n máa rò pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló sọ ìdáhùn yín nù. Mo lè fi ìyẹn gbé ọdún púpọ̀.

Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Graham, ẹ bá mi fa Tamsin létí díẹ̀, kí ẹ sì bá mi kí àwọn àgùntàn. Àǹtí Glenys ní kí n kí yín. Bàbá Norman ní kí n má kí yín, àwọn fúnra wọn yóò kí yín tí ẹ bá dé.

Àbúrò yín tó wà lójú fèrèsé, tó ń wo ọ̀nà,
Clement.

Mo fi ẹ̀dà ìwé tí a bá lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìlú ní àárọ̀ àná sínú àpòòwé yìí. Ẹ rántí pé Ẹgbẹ́ Olùfẹ́ Òdòdó ni orúkọ tí agbo wa fi ń gba gbọ̀ngàn náà. Mo dà á kọ fún yín pẹ̀lú ọwọ́ ara mi:

ÌKÉDE. LÁTI ỌWỌ́ ÌGBÌMỌ̀ GBỌ̀NGÀN ÌLÚ HAVERDALE. Ó ti hàn sí Ìgbìmọ̀ pé Ẹgbẹ́ Olùfẹ́ Òdòdó, tó ń lo gbọ̀ngàn ní ọ̀sán Mọ́ńdè, kò ní alága mọ́, àti pé láàárín ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ẹgbẹ́ náà kò tíì fi òdòdó kankan hàn níbi àfihàn ọdọọdún. Nítorí náà, a ti fi ọ̀sán Mọ́ńdè fún àwọn ọmọ karatéè. Bí ẹgbẹ́ náà bá fẹ́ gbà á padà, kí alága tuntun mú ìwé òfin ẹgbẹ́ wá bá akọ̀wé kí oṣù kìíní tó parí. Odindi ni a fẹ́. A kò ní í gba fọ́tòkọ́pì. Ìgbálẹ̀ ẹgbẹ́ náà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn. Kí ẹni tó ni ín wá gbé e láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó máa fi gbálẹ̀.